Láti Òsósà dé Toro: Ọ̀nà tí Hubert Ògúndé Rìn

Òsósà kò tóbi. Ìlú kékeré ni ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré lórí títì Ṣàgámù sí Benin ń kọjá nítòsí rẹ̀ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí eré orí ìtàgé ṣe di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun ní Nàìjíríà, Òsósà ló yẹ kó ti mú ọ̀nà pọ̀n. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Hubert Adédèjì Ògúndé sí ní 1916. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí ní 1990.

Láàárín ìbí àti ikú rẹ̀, ọkùnrin yìí kò jókòó sójú kan. Ó gbé eré rẹ̀ dé Èkó, Jọ́ọ̀sì, Kánò, Gánà, Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwọn ìlú kan fi ìlù pàdé rẹ̀, àwọn mìíràn fi ọlọ́pàá pàdé rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà náà láti ìlú dé ìlú yóò rí bí òṣèré kan ṣe sọ àwọn ará Àríwá àti Gúúsù di òǹwòran eré kan náà. Yóò sì rí ohun tí ojú ìdílé rẹ̀ rí nítorí rẹ̀.

Ọmọ pásítọ̀ tó bá eégún jó

Bàbá Ògúndé, Jeremiah, jẹ́ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ṣùgbọ́n bàbá ìyá rẹ̀, tí ọmọ náà gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fúngbà díẹ̀, jẹ́ abọ̀rìṣà. Ilé kan ń kọ orin ìyìn, ilé kejì ń lu ìlù òrìṣà, ọmọ kékeré sì ń gbọ́ méjèèjì. Kò yan ọ̀kan kó kọ èkejì. Nígbà èwe rẹ̀, ó bá eégún alárìnjó ṣeré; nígbà tó dàgbà, òun ló ń tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bá fẹ́ lóye Ògúndé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ alárìnjó. Àwọn ni eléégún tí ń gbé eré wọn kiri, tí wọ́n ń pa ara dà di ejò, di ọ̀nì, di Òyìnbó onímú ṣóńṣó, tí àwọn ará ìlú yóò rẹ́rìn-ín títí, tí wọn yóò sì ta wọ́n lọ́rẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún di ẹrù, ó di ìlú kejì. Àwọn wọ̀nyí ló ti la ọ̀nà tí Ògúndé wá fi mọ́tò gbà.

Kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun ń lọ. Ó kàwé ní Òsósà, ní Fàájì l'Ékòó, àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣe tíṣà. Ní 1941, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ní 1943 wọ́n sì gbé e wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ní Èkó. Lójú òbí ìgbà náà, ọmọ ti rí iṣẹ́ nìyẹn. Ta ló ń fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lọ ṣeré?

Alẹ́ kan ní Glover

Gbọ̀ngàn Glover wà ní Erékùṣù Èkó, kò jìnnà sí Marina. Orúkọ Gómìnà Glover ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní 1903. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 1944, ọlọ́pàá kan gbé eré tirẹ̀ wọ inú gbọ̀ngàn náà.

Ọ̀rọ̀ owó ló fà á. Ìjọ Aláàdúrà tí Ògúndé ń lọ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta fẹ́ kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n sì ní kí ó ṣe eré kan tí wọn yóò fi kó owó jọ. Ìtàn Ọgbà Édẹ́nì ló mú, ó sì pe eré náà ní The Garden of Eden and the Throne of God. Ṣáájú àkókò yìí, eré inú ìjọ kò fi bẹ́ẹ̀ ju kí àwọn akọrin dúró lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n máa fi orin sọ ìtàn inú Bíbélì. Ògúndé ní kí wọ́n rìn. Ó ní kí wọ́n jó, kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ìlù ilẹ̀ wa sì máa dún níbẹ̀. Èrò kún, wọ́n sì tún fẹ́ rí i.

Nígbà tó di 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ African Music Research Party sílẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn eré kà sí ẹgbẹ́ òṣèré àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà òde òní tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí owó oṣù mọ́. Bí gbọ̀ngàn bá kún, wọ́n á jẹun. Bí òjò bá rọ̀ tí èrò kò wá, ebi ni.

Ta ni yóò fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀?

Ìṣòro tó le jù fún ẹgbẹ́ tuntun náà kì í ṣe owó nìkan. Obìnrin ni kò sí. Eré tí Ògúndé ń fẹ́ kò ṣeé ṣe bí ọkùnrin bá ń wé gèlè ṣe ìyàwó, ṣùgbọ́n ìdílé wo ló fẹ́ kí ọmọ òun obìnrin máa bá ẹgbẹ́ kan sùn ní ìlú onílùú? Alágbe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe òṣèré. Ẹni tó sì jẹ́ obìnrin nínú wọn, orúkọ tí wọ́n ń pè é burú ju alágbe lọ.

Síbẹ̀, nígbà tí eré Tiger's Empire jáde ní oṣù kẹta ọdún 1946, ìwé ìpolówó rẹ̀ gbé orúkọ àwọn obìnrin jáde gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí wọ́n ń gbowó iṣẹ́ wọn. Irú rẹ̀ kò wáyé rí nínú eré Yorùbá. Láti lè mú wọn dúró, kí òbí má baà wá fà wọ́n padà sílé, Ògúndé ń fẹ́ wọn níyàwó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ìyàwó rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ, àwọn àti àwọn ọmọ wọn sì di ẹgbẹ́ òṣèré. Ẹni tó ṣe olorì lórí ìtàgé lálẹ́ lè ti ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, kó sì ti dáná fún gbogbo èrò mọ́tò ní ọ̀sán. Ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lónìí, lọ́la òun ló ń jó nínú orin ìṣíde.

Ẹlòmíràn lè wo èyí kó sọ pé ọgbọ́n ni. Ẹlòmíràn lè béèrè bóyá ẹni tí ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ tún jẹ́ ọkọ rẹ̀ lè kọ iṣẹ́ bó bá rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló tọ́ kí a sọ. Ohun tó dájú ni pé láìsí àwọn obìnrin wọ̀nyí, kò sí eré Ògúndé, ọ̀nà tí wọ́n sì là ni àwọn òṣèrébìnrin òde òní ń gbà kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò fi pè wọ́n ní alágbe.

Ọ̀nà náà gba ẹ̀mí pẹ̀lú. Clementina Adéṣẹwà, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó àkọ́kọ́ àti ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní 1970. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá obìnrin tí yóò gorí ìtàgé.

Jọ́ọ̀sì àti Kánò: eré tí ìjọba bẹ̀rù

Ìlú tó bá fẹ́ rí Ògúndé, ìròyìn ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Bí àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó òde òní ṣe ń ṣe nìyí: ẹnì kan yóò kọ́kọ́ lọ, yóò gba gbọ̀ngàn, yóò gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, yóò lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri ọjà. Ní ọjọ́ eré, mọ́tò yóò máa yí ìlú ká pẹ̀lú ìlù. Ibi eré lè jẹ́ gbọ̀ngàn ìlú, ilé ẹ̀kọ́ tàbí àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì. Bó bá parí, wọ́n á palẹ̀ mọ́ lóru.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé Jọ́ọ̀sì ní 1946. Ìlú ìwakùsà ni Jọ́ọ̀sì nígbà náà. Tánńganran tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ti fa òṣìṣẹ́ wá láti gbogbo ẹ̀yà. Eré tí Ògúndé gbé wá ni Strike and Hunger, èyí tó dá lórí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba, pẹ̀lú Michael Imoudu láàárín àwọn aṣáájú wọn, dá iṣẹ́ dúró ju oṣù kan lọ nítorí pé owó ọjà ti gòkè tí owó oṣù wọn kò kúrò lójú kan. Àwọn aláṣẹ Òyìnbó rí èrò tó kún wá wò ó. Wọ́n mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tó rí ara rẹ̀ lórí ìtàgé kò ní padà síbi iṣẹ́ bí ó ṣe kúrò níbẹ̀. Wọ́n fòfin de eré náà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó tún kàn án ní Kánò. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21 ní ibi ìwakùsà èédú ní Àfonífojì Iva, ní Enúgù. Ògúndé sọ ọ̀rọ̀ náà di eré ní 1950, ó pè é ní Bread and Bullet. Wo bí ọ̀nà náà ṣe gbà: ìbànújẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Enúgù, ọmọ Òsósà ló kọ ọ́, ó sì gbé e lọ han àwọn tó wà ní Kánò. Kò sí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ìwé ìròyìn kò sì wúlò fún ẹni tí kò mọ̀wé. Eré yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ará wọn ní ọ̀nà jíjìn. Ní Kánò náà, wọ́n fòfin dè é.

Ẹ̀kọ́ tí Gánà kọ́ ọ

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tó tì ni ọlọ́pàá tì. Ní 1948, Ògúndé kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Gold Coast, ìyẹn Gánà òní. Kò rí bó ṣe rò. Èrò ibẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ti mọ́ra pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèré tiwọn, tí ń fi ẹ̀fẹ̀ àti orin ijó dá wọn lára yá. Eré tí Èkó ń jà dù kò dùn lẹ́nu wọn. Wọ́n pàdánù owó.

Òṣèré mìíràn ìbá bú òǹwòran. Ògúndé wo ohun tí wọ́n fẹ́ràn, ó sì gba ẹ̀kọ́. Ijó àti ẹ̀fẹ̀ pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀, fèrè àwọn Òyìnbó wọ inú orin rẹ̀, ó sì kọ Gold Coast Melodies ní 1949. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò gbọ́ èdè tún lè jókòó wo eré rẹ̀ títí dé òpin.

Nígbà tí ilé ti ilẹ̀kùn

Lẹ́yìn òmìnira, ó dà bí ẹni pé ìyọnu ọlọ́pàá ti tán. Ilé gan-an ni ìyọnu tó le jù ti wá. Ní 1964, Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ti pín sí méjì, Olóyè S. L. Akíntọ́lá ló jẹ́ olórí ìjọba, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà lẹ́wọ̀n. Ògúndé ṣe eré kan tó pè ní Yorùbá Ronú, nípa ọba tí àwọn tirẹ̀ dà, àti ilẹ̀ tí ìyà wá ń jẹ nítorí rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ẹni tó ń bá wí.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de Ògúndé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò agbègbè náà. Ẹni tó ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n gba Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Oṣogbo, Àkúrẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò tilẹ̀ lè ṣeré ní Òsósà, níbi tí wọ́n ti gbé e jó ní kékeré. Èkó, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, àti àwọn agbègbè yòókù nìkan ló kù fún un. Ọkùnrin tí Jọ́ọ̀sì àti Kánò ti lé rí wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ wá òǹwòran lẹ́yìn odi ilé rẹ̀.

Kò tọrọ àforíjì. Ó kọ eré mìíràn, ó sọ ọ́ ní Òtítọ́ Korò. Òfin náà wà títí di oṣù kejì ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, nígbà tí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, gbé e kúrò. Ó fẹ́rẹ̀ tó ọdún méjì tí agbo ilé kan tó kún fún ìyá àti ọmọ fi jìyà ọ̀rọ̀ tí bàbá wọn sọ lórí ìtàgé. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ṣojú Nàìjíríà níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Montreal ní Kánádà ní 1967, tí wọ́n sì jó lórí ìtàgé Apollo ní Harlem, ní Nìú Yọ́ọ̀kì.

Sinimá gbé e padà sí Òsósà

Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, ìdí pọ̀ tí alárìnjó fi ń wá ọ̀nà mìíràn. Epo wọ́n, ìrìn òru léwu, tẹlifíṣọ̀n sì ti ń mú èrò jókòó sílé. Ògúndé sọ eré rẹ̀ Ayé di fíìmù, Ọlá Balógun sì ló darí rẹ̀. Jáyésinmi tẹ̀ lé e, Àròpin N'tènìyàn jáde ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Nínú Ayé àti Jáyésinmi, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó dojú kọ àwọn àjẹ́ tí ń da ìlú láàmú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà náà tó wo fíìmù wọ̀nyí kò lè dá lọ sẹ́yìnkùlé lálẹ́.

Fíìmù kò pa ìwà alárìnjó run. Wọ́n ń gbé e kiri bí wọ́n ṣe ń gbé eré kiri: gba gbọ̀ngàn, lẹ ìwé, ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí olówó fíìmù sì jókòó ti ẹrù rẹ̀ kí wọ́n má baà jí i dà kọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé fíìmù nílò igbó, odò, ààfin àti ilé alámọ̀ tí yóò dúró dè é. Òsósà ni Ògúndé kọ́ wọn sí. Abúlé fíìmù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlú tí kò lè ṣeré nínú rẹ̀ ní 1964 wá di ìtàgé rẹ̀.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ ní kó dá Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ó yan oníjó, onílù àti akọrin láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀, Òsósà ni wọ́n sì péjọ sí láti kọ́ eré. Ẹni tó ti fi nǹkan bí ogójì ọdún gbé eré tọ Nàìjíríà lọ, Nàìjíríà ló wá ń gbé mọ́tò wá sí ìlú rẹ̀.

Títì kan ní Toro

Iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ tún gbé e lọ sí Àríwá. Àwọn Òyìnbó wá ya fíìmù Mister Johnson ní Toro, ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, kò jìnnà sí Jọ́ọ̀sì. Bruce Beresford ló darí rẹ̀, láti inú ìwé tí Joyce Cary, òṣìṣẹ́ ìjọba Òyìnbó ní Àríwá nígbà kan, tẹ̀ jáde ní 1939. Pierce Brosnan wà níbẹ̀. Maynard Eziashi, tó kó ipa Johnson, gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tó dára jù níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 1991. Ògúndé náà kó ipa kan níbẹ̀. Ìtàn akọ̀wé kan ni, àti ti títì tí Òyìnbó amúnisìn fẹ́ là já Àríwá ní gbogbo ọ̀nà.

Kí fíìmù náà tó dé gbọ̀ngàn sinimá, Ògúndé ti ṣàìsàn. Ó kú ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, ọdún 1990. Wọ́n gbé e wá sílé. Àjò kò ní dùn kí onílé má relé.

Ilé rẹ̀ ní Òsósà ti di ibi ìrántí tí ènìyàn lè lọ wò. Ìdílé tó bá ń ti Èkó lọ sí ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lè yà síbẹ̀ láìfi ọjọ́ ṣòfò. Kí àwọn ọmọ wo ibojì bàbá náà, kí wọ́n béèrè nípa ẹ̀wù Ọ̀ṣẹ́túrá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún béèrè ẹni tó rán aṣọ eré, ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn láti Kánò dé Èkó tó sì tún gorí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ìdílé ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó di ẹgbẹ́ òṣèré, orúkọ wọn sì tọ́ kí àwọn ọmọ mú wálé pẹ̀lú ti bàbá.